Eegun, Iṣan àti Ọpọlọ: Ohun tí Ara Lè Tún Ṣe fún Ara Rẹ̀ àti Ibi tí Iṣẹ́ Ẹnjiníà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti gbé ìbéèrè kan kalẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ẹnjiníà lórí ara ẹlẹ́mìí dáhùn kí ó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ìbéèrè náà nìyí: ẹ̀yà ara tí a fẹ́ tún ṣe yìí, kí ni ó lè ṣe fún ara rẹ̀, kí ni ó sì ń dúró dè kí ó tó lè ṣe é? A ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀pọ̀ àbá iṣẹ́ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá síwájú àwọn olùkọ́ wa, ẹ̀rọ ni a kọ́kọ́ ń sọ, ara ni a ń sọ gbẹ̀yìn. Lójú tiwa, ẹ̀yìn ni a fi ń rìn nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ yìí gbòòrò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bí awọ àti eegun ṣe ń san, ó sì lọ títí dé orí bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan rò pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe gbogbo rẹ̀, ọgbọ́n kan ṣoṣo ni yóò kájú wọn. A kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì fi àpẹẹrẹ ẹyọ kan ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbà.

Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni a ti mú àpẹẹrẹ náà. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 127.6 kìlómítà. Níbi tí ó ti gba ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn kọjá, Ìbàfò àti Mówè wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Redemption Camp sì wà níwájú díẹ̀. Láti 1983 tí ìjọ Redeemed ti tẹ̀dó síbẹ̀, ohun tí ó jẹ́ igbó ti di ìlú. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ẹni tí ó bá ti gba ibẹ̀ kọjá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù mọ bí ọkọ̀ àti èrò ṣe ń pọ̀ tó. Ní àwọn ìlú wọ̀nyí, àti ní Ìfọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gùn láti ẹ̀gbẹ́ títì wọ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a gbà, nítorí àlàyé, pé ọlọ́kadà kan ṣubú ní Ìbàfò. A kò ní ẹnìkan pàtó lọ́kàn. Irú ìṣubú tí ó wọ́pọ̀ ni a ń sọ. Ọkọ̀ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi èjìká òsì gúnlẹ̀, orí rẹ̀ lu ọ̀dà, alùpùpù sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Ojúgun rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn iṣan tí ó ti ọrùn gba abẹ́ èjìká lọ sí apá já. Ọpọlọ rẹ̀ sì fara gbá inú agbárí. Ọgbẹ́ mẹ́ta ni èyí, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n ṣẹlẹ̀, ara ọkùnrin kan náà ni wọ́n wà, síbẹ̀ aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Eegun

Eegun wà lára ìwọ̀nba ẹ̀yà ara tí ó lè san láìní àpá. Nígbà tí ojúgun bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì sí ojú ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ dídì náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yóò sì hù sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ara yóò ṣe eegun rírọ̀ síbẹ̀, irú èyí tí a ń fọwọ́ kàn ní etí wa. Eegun rírọ̀ yìí ni yóò di líle. Èyí tí ó ti di líle náà ni ara yóò sì máa gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, fún oṣù tàbí fún ọdún, títí yóò fi rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Julius Wolff, oníṣègùn ará Jámánì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1892 pé eegun a máa tún ara rẹ̀ tò ní ìbámu pẹ̀lú ẹrù tí ó ń rù.

Bí ó bá rí báyìí, kí ni iṣẹ́ ẹnjiníà nínú ọ̀rọ̀ eegun? Ohun méjì ni eegun ń dúró dè: ẹ̀jẹ̀, àti ìwọ̀n mímì. S. M. Perren, tí ó ṣiṣẹ́ ní Switzerland, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mímì yìí lọ́nà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìṣirò díẹ̀ lè tẹ̀ lé. Ó ní kò sí ohun tí ó lè hù sí àárín eegun méjì tí ó yapa bí ibẹ̀ bá ń fà ju bí ohun náà ti lè fà lọ. Ẹran tuntun lè fà títí yóò fi gùn ní ìlọ́po méjì. Eegun rírọ̀ lè fà dé nǹkan bí ìdá 10 nínú 100. Eegun líle kò lè kọjá nǹkan bí ìdá 2 nínú 100, yóò fọ́. A rí i nígbà náà pé ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú kí ibẹ̀ dúró ṣinṣin díẹ̀ sí i fún èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mímì bá pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpele kejì kò ní dé.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè yára sọ pé kí a kúkú de ẹsẹ̀ náà pinpin kí ó má mì rárá. Ìdáhùn sí èyí wà nínú iṣẹ́ tí Goodship àti Kenwright tẹ̀ jáde ní 1985. Àgùntàn ni wọ́n lò. Wọ́n fi irin de ojúgun àwọn kan gírígírí. Ti àwọn mìíràn, wọ́n ń mú kí ó mì díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́. Àwọn tí a ń mì níwọ̀nba ni eegun wọn san dáradára jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gavriil Ilizarov, ní ìlú Kurgan ní Siberia, ti fi hàn láti nǹkan bí 1951 pé bí a bá fi òrùka irin àti wáyà di eegun mú, tí a sì ń fa ojú ibi tí a gé ní mílímítà 1 lójúmọ́, ní ìgbà mẹ́rin, ara yóò máa ṣe eegun tuntun dí àlàfo náà. Bí a bá fà á yá jù, kò ní di eegun. Bí a bá fà á pẹ́ jù, yóò ti dì kí a tó parí. Kí á jọ̀wọ́ fi mílímítà 1 yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Adìẹ ato-eegun

A ní láti dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ wa gan-an. Ilé ìwòsàn eegun ti wà ní Igbóbì, l'Ékòó, láti 1945, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń tọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ yunifásítì sì wà ní Ṣàgámù. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ato-eegun ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Owó dín níbẹ̀, ilé súnmọ́, ìbẹ̀rù pé dókítà yóò gé ẹsẹ̀ sì wà lọ́kàn àwọn ẹbí.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa adìẹ. Nígbà tí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, ato-eegun mìíràn a mú adìẹ kan, a ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a tò ó, a fi òrí àti ewé pa á, a sì fi ọparun pẹlẹbẹ dè é gẹ́gẹ́ bí ó ti de ti ènìyàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ tí ó sì ń rìn ni ó tó àkókò láti tú ti ènìyàn. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó dá irú ọgbẹ́ kan náà sí ara ẹ̀dá mìíràn ní ọjọ́ kan náà. Ó lo ìtọ́jú kan náà fún méjèèjì. Ó wá ń wo èyí tí ó lè tú wò láìbẹ̀rù, kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe sí èyí tí kò gbọdọ̀ ṣèèṣì tú. Kí ni ó yàtọ̀ sí ohun tí àwa náà ń ṣe nígbà tí a bá gé eegun itan eku, tí a sì ń kọ oye ọ̀sẹ̀ tí ó fi san sílẹ̀? Ìbéèrè tí ó wà nídìí adìẹ náà, ìbéèrè ìwádìí ni.

Ibi tí ó ti kùnà ni ó yẹ kí ó jẹ wá lógún, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwa náà ti ń kùnà. Àkọ́kọ́, aago adìẹ kì í ṣe aago ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fún eegun adìẹ. Ojúgun àgbàlagbà ń fẹ́ tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó lè gbé ara. Ìkejì, ẹsẹ̀ adìẹ tí a rọra fi ọwọ́ ṣẹ́ kò jọ ẹsẹ̀ tí alùpùpù wó lé: ẹran kò ya, ìdọ̀tí kò wọ inú rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ kò já. Ìkẹta, adìẹ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá san, a kò mọ̀ bóyá ìtọ́jú ni tàbí oríire. Bí a bá ka àwọn àbá iṣẹ́ wa dáradára, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ wa ni ó fo láti ara eku dé ara ènìyàn láìdúró ṣe ìṣirò àkókò rárá. Ẹni tí ó bá ń fi ato-eegun ṣe yẹ̀yẹ́ ní láti kọ́kọ́ wo ìwé tirẹ̀.

Ìkẹrin ni ó burú jù. Adìẹ kò lè sọ bí ìdè ara aláìsàn ti le tó. Ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ a máa wú. Bí ó bá wú nínú ìdè tí kò gbà á láàyè, ìfúnpọ̀ inú ẹran yóò máa ga sókè. Bí ó bá ga dé ibi tí ó ku nǹkan bí 30 mílímítà mákúrì kí ó bá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè wọ ẹran mọ́. Láàárín nǹkan bí wákàtí 6 ẹran yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé lórí apá àti ẹsẹ̀ tí ó kú báyìí, tí ó sì di gígé nígbẹ̀yìn. Ohun tí àwọn ẹbí ń sá fún ni wọ́n bọ́ sínú rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé gidi wà níhìn-ín: ìdè tí ó ní ohun ìwọ̀n pẹlẹbẹ kan nínú, tí yóò jẹ́ kí ato-eegun tàbí ìyá aláìsàn mọ̀, láìlo iná mànàmáná, pé ìdè ti fún jù. Ẹni tí yóò ṣe é ní láti mọ bí ara ti ń wú wákàtí sí wákàtí, bí ọparun ti ń tẹ̀, àti bí a ti í bá ato-eegun sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà kò ní dún létí bí iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀yà ara jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni yóò gbà là.

A kò fi èyí sọ pé iṣẹ́ àwọn yẹn kò wúlò. Níbi tí eegun ti fọ́ dànù sójú títì, àlàfo wà tí ara kò lè dá dí. Robert Langer àti Joseph Vacanti ni àpilẹ̀kọ wọn ní 1993 sọ irú iṣẹ́ yìí di mímọ̀ káàkiri ayé: a ṣe ohun kan tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, a gbin sẹ́ẹ̀lì sí i, ara yóò sì hù gba inú rẹ̀. Àgbẹ̀ yóò tètè mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀pá tí a ń rì fún iṣu ni. Kì í ṣe ọ̀pá ni ó ń ta iṣu; ó kàn ń fi ọ̀nà han ìtàkùn rẹ̀ ni. Ọ̀pá tí ó bá sì jẹrà kí ìtàkùn tó gùn ún tán, kò ṣàǹfààní. Ìṣòro tí àwọn tí ń ṣe irú ohun yìí ń bá yí títí di òní náà nìyẹn, bí wọn yóò ṣe mú kí ó yọ́ dànù ní déédéé ìgbà tí ara tuntun bá gba ipò rẹ̀.

Iṣan

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọlọ́kadà wa. Ojúgun rẹ̀ ti san. Apá òsì rẹ̀ ṣì ń ṣe jọ̀bọ̀lọ̀. Iṣan tí a ń sọ níhìn-ín ni iṣan ìmọ̀lára, èyí tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ara, tí ó sì ń gbé ìròyìn ara wá fún ọpọlọ. Iṣan yìí pẹ̀lú lè hù padà lẹ́yìn tí ó bá já, ìwọ̀n ìhù rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí mílímítà 1 lójúmọ́. Mílímítà 1 yìí kan náà ni Ilizarov fi ń fa eegun, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ oore fún eegun jẹ́ ìyọnu fún iṣan.

Ìṣirò ni yóò fi èyí hàn. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹwọ́ tó nǹkan bí 700 mílímítà. Bí iṣan bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lónìí, yóò tó ọjọ́ 700, ìyẹn bí ọdún méjì, kí ó tó dé ọwọ́. Ẹran tí kò gbọ́ ohùn iṣan kò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 12 sí 18, ẹran ọwọ́ yóò ti gbẹ, yóò ti di àpá. Iṣan yóò dé ilé, kò ní bá ẹnikẹ́ni mọ́.

Kò sí ẹni tí ó tíì mú kí iṣan sáré ju bí ó ti ń sáré lọ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò borí ìṣòro yìí. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n tí Christophe Oberlin ará Faransé gbé jáde ní 1994 fi wú wa lórí. Ọ̀nà ni ó gé kúrú. Ó mú fọ́nrán díẹ̀ nínú iṣan mìíràn tí kò já, èyí tí ó ti wà nínú apá náà tẹ́lẹ̀, ó so ó mọ́ iṣan tí ń tẹ ìgbọ̀nwọ́, nítòsí ẹran gan-an. Ìrìn ọdún di ìrìn oṣù mélòó kan. Ọlọ́kadà yóò lè tẹ ìgbọ̀nwọ́ gbé nǹkan dé ẹnu. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ lórí iṣan, àkókò àti jíjìnnà ni ó kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Ọpọlọ

Nígbà tí a bá dé orí ọpọlọ àti okùn ọpọlọ tí ó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdáhùn sí ìbéèrè wa yí padà pátápátá. Fọ́nrán ibẹ̀ tí ó bá já kì í hù padà. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí a rò ni pé kò ní agbára láti hù. Ní 1981, Samuel David àti Albert Aguayo ní Montreal mú iṣan ẹsẹ̀ eku, wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ọpọlọ ìsàlẹ̀ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn bí afárá. Fọ́nrán ọpọlọ wọ inú rẹ̀, ó sì hù dé sẹ̀ntímítà mélòó kan. Ìgbà tí ó fi máa tún padà wọ inú okùn ọpọlọ, ó dúró. Èso dára, ilẹ̀ ni kò gbà á. Láti ìgbà náà ni àwọn olùwádìí ti ń wá ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ náà tí ń dí i lọ́wọ́, wọ́n sì ti rí púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ìtọ́jú tí ó lè gbé ẹni tí okùn ọpọlọ rẹ̀ já dìde kí ó rìn bí ti tẹ́lẹ̀.

Láti 1962 tí Látúndé Ọdẹ́kù ti padà dé láti Amẹ́ríkà sí Ìbàdàn ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Dókítà lè gbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú agbárí. Ohun tí ó bá ti kú nínú ọpọlọ, kò lè jí i. Ohun tí ó kù ni pé kí apá tí ó wà láàyè kọ́ iṣẹ́ èyí tí ó kú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà lórí ọpọlọ kì í ṣe àtúnmọ. Gbígbọ́ ni, kí a lè mọ ohun tí ó kù àti ohun tí ó ń kọ́.

Hans Berger ní Jámánì ni ó kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ láti orí awọ orí ní 1924. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Iná yìí kéré: bí 10 sí 100 nínú ìdá mílíọ̀nù fóòtù kan. Iná mànàmáná ilé wa ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wáyà ara ògiri nìkan sì tó láti bo ohùn ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí nítòsí jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ gbàdúrà kí ó sì mọ bí a ti í sẹ́ iná.

Ìṣòro mìíràn wà tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò rò. Irun aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lórí irun tiwa tí ó ki, irin ẹ̀rọ kì í kan awọ orí dáradára. Ní 2020, Arnelle Etienne, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìdáhùn hàn: kí a di irun náà ní ìlà-ìlà, kí ojú ìlà bọ́ sí ibi tí irin yóò jókòó sí, kí irun dídì fúnra rẹ̀ sì di irin náà mú. Ìyá onídìrí tí ó wà ní Mówè lè ṣe é. Ó yẹ kí ó ká wa lára pé kò ti ọwọ́ wa wá.

Ṣùgbọ́n iná ọpọlọ kò tíì di iṣẹ́ ọpọlọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọlọ́kadà wa ti ń bọ̀ sípò, a ní láti bi í ní ìbéèrè, ìbéèrè náà sì jẹ́ ohun ìwọ̀n bí irin ti jẹ́ ohun ìwọ̀n. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù tí a mọ̀ ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis lórí iyè-rírà àwọn àgbàlagbà. Àbọ̀ tí ó jáde ní 2001, lẹ́yìn ikú Ọ̀ṣúntókun ní 1995, kan Yorùbá 2,459 ní Ìbàdàn àti aláwọ̀ dúdú 2,147 ní Indianapolis. Lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú 100 ni àrùn náà ń mú tuntun ní Ìbàdàn, ìdá 3.24 ni ní Indianapolis. Kí ènìyàn tó lè gba irú ìyàtọ̀ yìí gbọ́, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé kì í ṣe ìbéèrè ni ó yàtọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fara balẹ̀ ṣe ìbéèrè tí ẹni tí kò kàwé lè dáhùn ní Yorùbá, tí ó sì dọ́gba ní ìwúwo pẹ̀lú ti èkejì. Wọn kò sì gbára lé ìdáhùn àgbàlagbà náà nìkan. Wọ́n tún bi ẹni tí ó ń bá a gbé. Ohun tí T. A. Lambo náà ti rí ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954 nìyẹn, nígbà tí ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn: ẹbí rí ohun tí dókítà kò rí.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni ó tún padà dé. Ìbéèrè tí a ṣe fún ọmọ ilé-ìwé London, bí a bá gbé e fún ọlọ́kadà Ìbàfò, adìẹ ni. Ó lè rìn, kí ti ènìyàn má tíì san.

Nínú àbá iṣẹ́ tiwa, a kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ń ka ṣéńjì pé? Ṣé ó ń rántí ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó? Ṣé ó ń ṣìnà ilé? A ti yọ ìkẹta kúrò, nítorí òpópónà tuntun ń yọ ní Mówè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí orí rẹ̀ pé pàápàá ń ṣìnà. A ṣì ń wá èyí tí a ó fi rọ́pò rẹ̀.